Rọ́bà Oúnjẹ Kì í Ṣe Àmì Ikú: Ìtàn Bí Ayé Ṣe Kọ́ Láti Bọ́ Aláìsàn Jẹjẹrẹ Tí Kò Lè Gbé Oúnjẹ Mì

 

Ìtàn tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, èyí tí wọ́n máa ń fi sí aláìsàn nímú tàbí ní ikùn kí oúnjẹ lè wọ inú rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó fi èdè Faransé kọ́ṣẹ́ ń pè é ní sonde. Ọ̀pọ̀ wa ló ti rí i rí, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Tí dókítà bá sọ fún ẹbí pé, "A fẹ́ fi rọ́bà sí bàbá yín kí wọ́n lè máa jẹun," ohun tí etí ọ̀pọ̀ ń gbọ́ ni pé, "Ọ̀rọ̀ bàbá yín ti bùṣe." Àwọn ẹbí mìíràn á sọ pé àwọn kò fẹ́. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n ṣì mú sùúrù, bóyá ẹnu bàbá á tún là. Wọ́n á mú sùúrù títí bàbá á fi ku egungun.

Ìbẹ̀rù yìí kò ṣàdédé wá. Láyé àtijọ́, ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà oúnjẹ sí. Nígbà tó bá sì kú, ojú rọ́bà ni gbogbo èèyàn ń wò. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ogójì ọdún ó lé sí ìsinsìnyí, ìtàn náà ti yí padà. Ẹ jẹ́ ká tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ká lè mọ ohun tó yí padà àti ìdí tó fi yẹ kí èrò tiwa náà yí.

NÍGBÀ TÍ ẸNU BÁ KỌ̀

Àwọn àgbà ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Tí a bá béèrè aláìsàn lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀, "Ṣé ó jẹun?" kì í gbẹ́yìn nínú ìbéèrè wa. Àwọn ìyá wa náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kọ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ọ̀nà fún ẹ̀kọ tàbí àgbo, wọ́n á sì rọ ọ́. Ṣùgbọ́n rírọ kò ran ẹni tí jẹjẹrẹ ti dí ní ọ̀nà ọ̀fun lọ́wọ́. Ohun tí a bá rọ sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà èémí lọ, kó sì pa á.

Kò sí ìran tí ìṣòro yìí kò bá. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ àti àwọn ará Gíríìkì gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n ń da wáìnì, wàrà àti omi ọkà sí aláìsàn láti ìdí, wọ́n rò pé ìfun á fa oúnjẹ náà sínú ara. Omi ni ìfun apá ibẹ̀ lè fà dáadáa. Oúnjẹ tó lè gbé èèyàn ró kò lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, dókítà ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Capivacceus mú ọ̀pá oníhò, ó so àpò ìtọ̀ ẹranko mọ́ ọn lórí, ó sì ń fún omi oúnjẹ láti inú àpò náà sí ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn. Ní 1617, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì, Fabricius ab Aquapendente, lo ọ̀pá fàdákà tó gba imú wọlé fún àwọn tí àìsàn ti mú eyín wọn pọ̀ tí ẹnu kò là mọ́. Ẹ fojú inú wo fàdákà líle nínú imú èèyàn! Kò sí ẹni tó lè gbà á àfi ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀kan lára àwọn tó wá ohun tó rọ̀ ni John Hunter, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1790, ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tí iṣan ọ̀fun rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Hunter mú awọ ẹja gígùn kan tó dà bí ejò, ó fi bo egungun àbùùbùtán tẹ́ẹ́rẹ́, ó tì í gba ọ̀fun dé àpòlúkù. Ẹyin tí wọ́n pò mọ́ omi, ṣúgà, wàrà àti wáìnì ló ń gbabẹ̀ bọ́ ọ. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ mì fúnra rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tí rọ́bà wà fún gan-an nìyẹn: kó gbé èèyàn ró títí ọ̀fun rẹ̀ á fi padà ṣiṣẹ́.

IHÒ LÁRA IKÙN

Bí ọ̀nà ọ̀fun bá wá dí pátápátá ńkọ́, tí ọ̀pá kankan kò lè kọjá?

Ní ọdún 1822, ìbọn ṣèèṣì ba ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Alexis St. Martin ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà. Ọta náà lu ikùn rẹ̀ dé inú àpòlúkù. Wọ́n rò pé ilẹ̀ kò ní mọ́ bá a. Ihò náà kò dí mọ́ láéláé, síbẹ̀ ọkùnrin náà wà láyé títí di 1880. Dókítà rẹ̀, William Beaumont, ń gba ojú ihò náà wo bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ikùn, ó sì tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀ ní 1833. Báyìí ni ayé rí i pé èèyàn lè ní ihò ní àpòlúkù kó má sì kú.

Ní 1837, dókítà ológun kan ní Norway, Christian Egeberg, dá a lábàá pé kí àwọn oníṣẹ́ abẹ mọ̀ọ́mọ̀ la irú ihò bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Charles Sédillot ṣe é ní Strasbourg ní 1849. Aláìsàn náà kú. Ó tún ṣe é fún ẹlòmíràn ní 1853, òun náà kú. Láyé ìgbà náà, àwọn dókítà kò tíì mọ̀ pé ọwọ́ àti ọ̀bẹ tí kò mọ́ ń gbé kòkòrò àrùn wọ inú ara. Sédillot yìí kan náà ló wá dá ọ̀rọ̀ Faransé náà, microbe, sílẹ̀ ní 1878, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ ní iléèwé títí dòní.

Ní 1876 ni Aristide Verneuil ṣe é ní Paris, tí ó sì yọrí sí rere. Ẹni tó ṣe é fún jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó gbé kẹ́míkà ajónirun mì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Àwa náà mọ irú jàǹbá yìí dáadáa níbí, nígbà tí ọmọdé bá rí sódà ọṣẹ nínú ìgò tó rò pé omi ni. Ní 1894, Martin Stamm ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ọ̀nà ìránṣọ tó rọrùn láti fi so rọ́bà mọ́ àpòlúkù kó má baà máa jò. Ọ̀nà Stamm yìí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ títí di ìsinsìnyí.

ÀÀRẸ MÉJÌ TÍ KÒ RÍ OÚNJẸ JẸ

Kí a tó lè mọ bí nǹkan ṣe le tó nígbà náà, ẹ wo àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà méjì. Wọn kò ṣaláìní dókítà, wọn kò sì ṣaláìní oúnjẹ nílé.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1881, wọ́n yìnbọn lu Ààrẹ James Garfield. Nígbà tí inú rẹ̀ kò gba oúnjẹ mọ́, dókítà rẹ̀, Willard Bliss, padà sí ọ̀nà àwọn ará Íjíbítì. Ó ń da omi ẹran màlúù, ẹyin àti ọtí líle sí ààrẹ láti ìdí. Ara Garfield ń joro. Ó wọn nǹkan bí kìlò 95 kí wọ́n tó yìnbọn lù ú, kò ju nǹkan bí 60 lọ nígbà tó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Egbò tó ti kó ìdọ̀tí ló pa á, ṣùgbọ́n ebi bá a pín nínú rẹ̀.

Ẹnì kejì ni Ulysses Grant, ọ̀gágun tó ṣẹ́gun nínú ogun abẹ́lé wọn, tó sì di ààrẹ lẹ́yìn náà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1884, ó ń jẹ èso, ló bá sọ pé nǹkan ta òun lọ́fun. Jẹjẹrẹ ni. Owó rẹ̀ ti run lọ́dún yẹn kan náà, nítorí náà ó jókòó ti ìwé ìtàn ayé rẹ̀ kí aya rẹ̀ lè rí owó jẹ lẹ́yìn òun. Kokéènì ni àwọn dókítà ń fi pa ojú ibẹ̀ kí ìrora lè rọlẹ̀. Oúnjẹ kò lọ mọ́, ara rù, ohùn lọ, ó wá ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé pélébé fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ikùn ti wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Grant parí ìwé rẹ̀, kò sì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó fi kú, ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1885. Ẹ má gbàgbé Grant, a ó padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

RỌ́BÀ TÍ WỌ́N FIPÁ FI SÍNI

Apá kan tún wà nínú ìtàn yìí tó ba orúkọ rọ́bà jẹ́. Ní 1909, àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ láti dìbò ní Ìlú Ọba kọ̀ láti jẹun nínú ẹ̀wọ̀n. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀wọ̀n Winson Green ní Birmingham, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fipá bọ́ wọn. Àwọn wọ́dà á dì wọ́n mú lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, dókítà á ti rọ́bà bọ imú tàbí ọ̀fun wọn bí wọ́n ṣe ń jà. Àwọn kan ṣèṣe. Ariwo pọ̀ títí ìjọba fi ṣòfin tuntun ní 1913, pé kí wọ́n máa tú ẹni tí ebi ti sọ di aláìlera sílẹ̀, kí wọ́n sì tún un mú tí ara rẹ̀ bá ti mókun. Àwọn aráàlú pè é ní Òfin Ológbò àti Eku.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé rọ́bà kan náà lè jẹ́ ìtọ́jú, ó sì lè jẹ́ ìyà. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni bóyá ẹni tí wọ́n ń fi sí gbà á. Àwa tí a sábà máa ń pe àpérò ẹbí sí ìta yàrá, tí a kì í bi aláìsàn fúnra rẹ̀, ó yẹ kí a ro ìyẹn.

WỌ́N RÍ I PÉ EBI FÚNRA RẸ̀ Ń PANI

Ní 1921, dókítà kan ní New Orleans, Abraham Levin, ṣe rọ́bà rírọ̀ tó lè gba imú dé àpòlúkù, tí èèyàn lè fi sùn kó sì fi jí. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára irú rọ́bà bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ wá wà. Ohun tó kù ni kí àwọn dókítà mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n fi sí, àti ìgbà tó yẹ.

Ní 1932, Shields Warren ní Amẹ́ríkà ṣàyẹ̀wò òkú 500 èèyàn tí jẹjẹrẹ pa, ó ń wá ohun tó gbẹ̀mí wọn gan-an. Rírù àti gbígbẹ ara ló wà lókè pátápátá: nǹkan bí 22 nínú 100. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà ṣì gbà pé bí jẹjẹrẹ ṣe rí nìyẹn, kò sí ohun téèyàn lè ṣe sí i.

Ní 1967, Stanley Dudrick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia fi hàn pé èèyàn lè wà láyé láìfi ikùn jẹun rárá. Wọ́n ń fi gbogbo oúnjẹ sí ọmọ jòjòló kan lára láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ọmọ náà sì ń dàgbà lórí rẹ̀. Ní 1974, Charles Butterworth láti Alabama kọ ọ̀rọ̀ tó dun àwọn dókítà: pé ebi ń pa aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn gan-an, níwájú àwọn tó ń tọ́jú wọn, ẹnikẹ́ni kò sì wọ̀n wọ́n.

Ìdáhùn tó kàn wá jù wá láti Cleveland ní Ohio. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1979, Michael Gauderer, oníṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé, àti Jeffrey Ponsky fi rọ́bà sí ikùn ọmọ oṣù mẹ́rin ààbọ̀ láìla ikùn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé. Wọ́n ti ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná lórí gba ẹnu dé àpòlúkù. Iná náà tàn láti inú, wọ́n sì rí ojú ibi tó ń mọ́lẹ̀ lára awọ ikùn. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀, wọ́n ki okùn bọ̀ ọ́, wọ́n fà á jáde lẹ́nu. Wọ́n so rọ́bà mọ́ okùn náà, wọ́n sì fà á padà sísàlẹ̀ títí ó fi yọ jáde lára ikùn. Kò gba àkókò, kò sì fi ojú ọgbẹ́ ńlá sílẹ̀. Ní 1980 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, láàárín ọdún díẹ̀ ó sì ti tàn ká àgbáyé.

Lọ́dún 1980 yẹn kan náà, William DeWys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 3,047 tó fẹ́ gba oògùn jẹjẹrẹ, èyí tí a mọ̀ sí chimio. Bí irú jẹjẹrẹ kọ̀ọ̀kan ṣe rí, láti 31 títí dé 87 nínú 100 ló ti rù kí wọ́n tó gba ẹ̀kán oògùn kan. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ irú jẹjẹrẹ tí wọ́n wò, ẹni tó ti rù kì í pẹ́ láyé tó ẹni tí kò rù. Ara tí ebi ti lù, oògùn á tún lù ú.

A kò gbọ́dọ̀ sọ pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Àwọn dókítà kan sáré jù, wọ́n ń fi oúnjẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo aláìsàn jẹjẹrẹ. Ní 1989, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ American College of Physicians kìlọ̀ pé kí wọ́n yé ṣe é fún gbogbo ẹni tó ń gba chimio láìyan ẹni tó nílò rẹ̀, nítorí kò ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì ń kó àrùn sí wọn lára. Wọ́n tún rí i pé jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ń yí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ padà, tó fi jẹ́ pé oúnjẹ nìkan kò lè dá gbogbo ẹran ara tó lọ padà. Òfin tó jáde nínú gbogbo èyí ni pé bí ikùn àti ìfun bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ikùn ni kí oúnjẹ gbà.

ẸNI TÓ GBÉ PẸ̀LÚ RỌ́BÀ

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ọ̀rọ̀ Grant. Ní 2006, Roger Ebert, ẹni tó lókìkí jù nínú àwọn tó ń kọ̀wé nípa fíìmù ní Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ní párì. Ọ̀rọ̀ yíwọ́, kò lè jẹun mọ́, kò lè mu omi, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bíi ti Grant, ìwé kíkọ ló kù ú kù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà fún Ebert tí Grant kò rí: rọ́bà wà ní ikùn rẹ̀. Rọ́bà náà ló fi ń jẹ, tó fi ń mu, títí ó fi kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2013. Nínú ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó kọ̀wé lórí fíìmù 306, ó ní òun kò kọ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Kì í ṣe rọ́bà nìkan ló fà á, ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti yàtọ̀ sí ti ayé Grant. Ṣùgbọ́n kò sí ìtọ́jú tó lè gbé ẹni tí kò jẹun ró fún nǹkan bí ọdún méje.

OHUN TÓ KÀN WÁ NÍNÚ RẸ̀

Èkíní, àsìkò ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí jẹjẹrẹ bá wà lẹ́nu tàbí lọ́fun rẹ̀, tó sì fẹ́ gba ìtànṣán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje, ojú ọ̀fun rẹ̀ á bó, yóò sì máa ta á. Ìgbà tó ṣì lágbára ló yẹ kí ẹbí béèrè lọ́wọ́ dókítà pé, "Bí kò bá lè gbé oúnjẹ mì mọ́, kí la máa ṣe?" Ẹ máa wọ̀n ọ́n. Ẹ má dúró títí ṣòkòtò á fi máa já bọ́ nídìí rẹ̀.

Èkejì, ẹ̀rọ oníná ti Cleveland kò sí ní gbogbo ilé ìwòsàn wa. Ṣùgbọ́n rọ́bà imú bíi ti Levin kò nílò ẹ̀rọ ńlá, oníṣẹ́ abẹ tó mọ ọ̀nà Stamm sì lè ṣe ti ikùn. Ti imú wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ó bá máa ju nǹkan bí oṣù kan lọ, ti ikùn ló dára jù.

Ẹ̀kẹta, ẹ má gba ẹni tó ní bí a bá bọ́ aláìsàn, jẹjẹrẹ là ń bọ́. Ìlànà tí ẹgbẹ́ ESPEN, àwọn onímọ̀ oúnjẹ aláìsàn ní Yúróòpù, gbé jáde ní 2017 sọ pé kò sí ẹ̀rí kankan tó tó láti fi ebi pa aláìsàn nítorí èyí.

Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá gbé e wálé pẹ̀lú rọ́bà, ìmọ́tótó lohun àkọ́kọ́. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kó jókòó tàbí kó gbé orí sókè tí oúnjẹ bá ń wọlé, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan rọ́bà náà ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn rẹ̀ kó má baà dí. Bí ti imú bá yọ, ẹ má ṣe dá a padà fúnra yín, nítorí ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ti ikùn bá yọ, ẹ sáré padà sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà, nítorí ihò náà máa ń tètè dí. Ẹni tí ebi sì ti pa fún ọjọ́ pípẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi bọ́ ọ bí wọ́n bá ṣe ní kí ẹ ṣe é, nítorí oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè pa á.

Ìgbà kan ń bẹ tí rọ́bà kò ní wúlò mọ́, nígbà tí ọjọ́ bá ti kù díẹ̀ gan-an tí ara kò béèrè oúnjẹ mọ́. Nígbà náà, títọ́ omi díẹ̀ sí i lẹ́nu àti jíjókòó tì í tó. Dókítà tó mọṣẹ́ á sọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí a ń sin nítorí jẹjẹrẹ kò tíì dé ibẹ̀ nígbà tí oúnjẹ kọ́kọ́ kọ̀ wọ́n lọ́fun. Àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí ọlọ́jọ́ wò. Ebi kì í ṣe ọlọ́jọ́.

Ẹ bá wa fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ní aláìsàn nílé. Ẹni tó bá sì ti tọ́jú ẹbí rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà rí, kó wá sọ ohun tó rí kọ́ fún wa níbí, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kọ́gbọ́n. Ọlọ́run á fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà.